Ọwọ́ Tí Ìyá Àgbà Dè

Bí ẹ̀rín bá máa ń pa ènìyàn ni, Títíloyè Èṣùbíyì ì bá ti kú sí yàrá ìyàwòrán ní Ugbowo, ní àárọ̀ ọjọ́ tí Dókítà Làmídì gbé ìwé rẹ̀ sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i. Ìgbà yẹn kò tíì jìnnà sí ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Àwọn dẹ́rẹ́bà àgbà kan ṣì ń gbàgbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà Èkó níwájú géètì yunifásítì, èrò inú bọ́ọ̀sì á sì fi èdè Bìní, Yorùbá àti Pídíìn bú wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ugbowo ìgbà náà, búrẹ́dì gbígbóná ni òórùn rẹ̀ láàárọ̀, eruku pupa ni àwọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ohun tí wọ́n ní kí kíláàsì yà ni irin kan tí wọ́n fi ń gbé ọ̀pá ẹ̀rọ dúró. Ti àwọn yòókù dúró. Ti Títíloyè ń gbọ̀n. Ilà tó yẹ kó tọ́ ń wọ́ lọ bí ejò tó jẹun yó, ibi tí ilà méjì sì yẹ kó ti pàdé, wọ́n kọjá ara wọn bí orogún méjì tó pàdé lọ́nà odò.

"Èṣùbíyì," ni Dókítà wí. Ó ti kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, gbogbo kíláàsì ti rẹ́rìn-ín. Ó wá fi Yorùbá tún un sọ kí àwọn ará ilé má baà pàdánù tiwọn. "Irin tí o yà yìí, ṣé ibà ló ń ṣe é?"

Sùlè Adéníyì tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni o. Títíloyè náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò bá bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹkún ló kù.

Dókítà Làmídì kì í ṣe ìkà. Nígbà tí kíláàsì túká, ó pè é sẹ́yìn, ó sọ fún un pé ìṣirò rẹ̀ dára, físíìsì rẹ̀ dára, kò sì sí ọmọkùnrin tó ń yára yanjú ìbéèrè tó o nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwòrán ni ẹnu ẹnjiníà; ẹnjiníà tí kò lè yàwòrán, odi ni. Ìdánwò àtúnṣe kan ṣoṣo ló kù fún un kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi gígùn. Bí ó bá yege, ó di ọmọ kíláàsì kejì. Bí ó bá kùnà, wọn á gbé e kúrò ní ẹ̀ka ẹnjiníà lọ síbi tí wọn kò ti ń fa ilà. Ó wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ojú ló ń dùn ún, tàbí pẹ́ńsùlù rẹ̀ ni kò dára.

Títíloyè ní rárá, sà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Kò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ohun tó ń ṣe é ni pé ọwọ́ tó fi ń yàwòrán kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Ìdí-Ahùn tí wọ́n ti bí i kì í ṣe ìlú, abà ni, nínú igbó lọ́nà Ìfọ́n. Bí mọ́tò bá já ènìyàn sí etí títì, ẹsẹ̀ ló kù. Ilé ẹ̀kọ́ girama tó lọ ní kọ́bọ́ọ̀dù sáyẹ́ǹsì kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù kí Títíloyè tó débẹ̀. Tíṣà kẹ́mísìrì wọn a máa fi ṣọ́ọ̀kì ya ìgò sára pátákó, á ní kí wọ́n kà á sí ìgò. Wọ́n kà á sí ìgò títí wọ́n fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Síbẹ̀ Títíloyè yege, nítorí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, gbogbo abà sì pa adìyẹ lọ́jọ́ tí ó ń lọ sí Ìbìní.

Ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Àgbà, ló tọ́ ọ. Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tí Ìyá Àgbà ti rí i pé ọwọ́ òsì ni ọmọbìnrin náà fi ń nawọ́ sí nǹkan. Ó fa àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ya lára ìró àtijọ́, ó de ọwọ́ òsì náà mọ́ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bá ọwọ́ náà wí bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀: "Ìwọ ọwọ́ yìí, jókòó jẹ́ẹ́. O kò gbọdọ̀ jáde níwájú àgbà." Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun ni wọ́n ń dè é, títí ọwọ́ náà fi gbọ́ràn. Kò sí ìkà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun fi òsì gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ àlejò? Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Àmọ́ ọwọ́ náà kò kú. Bàbá Títíloyè ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ alágídí tó máa ń dákẹ́ láàárín iṣẹ́ bí ìyàwó tó ń bínú. Bí bàbá bá sùn lọ́sàn-án, Títíloyè á yọ́ wọ abẹ́ àtíbàbà, á tú nọ́ọ̀tì, á nu ibi tí ìdọ̀tí dí epo lọ́nà, á tún un dè. Bí bàbá bá jí, ẹ̀rọ náà á jí. Bàbá rò pé ìsinmi ọ̀sán ló ń ṣe ẹ̀rọ lóore. Ọwọ́ òsì ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí kò sí àgbà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe láyé, kí ó tó gbọ́ pé ẹnjiníà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ ìwé kọ, ó mọ oúnjẹ jẹ, ó mọ ènìyàn kí. Ilà ni kò mọ̀ ọ́n fà. Bí ó bá sì dọ́gbọ́n gbé pẹ́ńsùlù sí òsì ní kíláàsì, bí bàtà Dókítà bá ti ń dún bọ̀ láàárín tábìlì, ọwọ́ náà á fúnra rẹ̀ sá wọ abẹ́ tábìlì bí ọ̀kẹ́rẹ́ tó gbóòórùn ajá.

Ní Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì láti Ugbowo dé Ring Road, ó wọ òmíràn gba ọ̀nà Sapẹ́lẹ́ lọ, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọ Ugbor, níbi tí ilé Ẹnjiníà Ògúnwálé wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ugbor ìgbà yẹn dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi ń gbọ́ bí máńgòrò ti ń já lu páànù. Ògúnwálé ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ omi. Ìyàwó rẹ̀, Comfort, ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá ní Ìbìní ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ Sátidé ilé wọn ti bẹ̀rẹ̀. Comfort ló ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ti abà wá kàwé sáyẹ́ǹsì ní Ugbowo a máa wọlé pẹ̀lú ayọ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí, wọ́n á ti sá lọ kọ́ ohun mìíràn, àwọn ọmọ Ìbàdàn àti Èkó á sì kù síbẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kì í ṣe pé ọpọlọ àwọn yẹn ju ti àwọn ọmọ abà lọ. Wọ́n ti fọwọ́ kan nǹkan rí ni.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Ògúnwálé ń tẹ́ ìwé ìròyìn sí ilẹ̀ pálọ̀, tí yóò tú ẹ̀rọ omi palẹ̀, tàbí mítà iná, tàbí redíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, tí yóò ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án. Ohun tí ọwọ́ kò bá kí rí, ìwé rẹ̀ kì í tètè yé ni." Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, ọmọ mọ́ṣáláṣí ń wá. Sùlè, tí abà tirẹ̀ wà lápá Ìgbòho, kì í pa ọ̀kan jẹ. Òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ níwájú Comfort pé nítorí Ọlọ́run àti nítorí dòdò lòun ṣe ń wá.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, Ògúnwálé kó pátákó ìyàwòrán jáde nítorí Títíloyè. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò àtúnṣe náà lẹ́nu Sùlè. Ó fi tí-súkúẹ̀ hàn án, ìyẹn rúlà gígùn tó ní orí bí òòlù, tí wọ́n ń fi orí rẹ̀ há etí pátákó lápá òsì kí ilà lè tọ́. Ó mú sùúrù. Títíloyè fà, ilà gbọ̀n. Ó tún fà, ilà tún gbọ̀n. Nígbà tó yá, Comfort ní ọkọ òun ti fẹ́ fi ìwé pa ọmọ ọlọ́mọ, kí ó wá ran òun lọ́wọ́ nílé ìdáná.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ló wà nílẹ̀. Comfort gbé ọ̀bẹ fún un, ó sì yọjú sẹ́yìnkùlé nígbà tí aládùúgbò wọn, obìnrin Bìní kan, ń kí i ní "kóyo" láti orí ògiri. Ilé ìdáná ṣófo. Ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ yí ọwọ́. Ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í gé dòdò, wéréwéré, wéréwéré, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń ṣubú sínú abọ́ ní ìwọ̀n kan náà.

"Títí."

Ọ̀bẹ bọ́. Comfort ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Títíloyè wólẹ̀ lórí eékún, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, pé òun kò ní fi kan oúnjẹ wọn mọ́, pé òun á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn.

Comfort mú ègé dòdò kan, ó wò ó lójú oòrùn, ó mú òmíràn. Ó ní, "Ọwọ́ wo lo fi ń yàwòrán ní Ugbowo?"

"Ọ̀tún ni, mà."

Comfort jókòó lórí àpótí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tún ìró rẹ̀ ró. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, nítorí ó ti rí ojú ọmọ náà. Ó kígbe pe ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Yétúndé, ẹ wá o. Ẹ ti ń tún ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ ṣe láti àárọ̀."

Ẹnjiníà Ògúnwálé kò rí ìṣòro kankan níbẹ̀. Ó ní ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ kan pátákó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yọ tí-súkúẹ̀ lápá òsì, ó fi orí rẹ̀ há apá ọ̀tún, ó gbé iná tábìlì yí ká, ó ní kí Títíloyè gbé pẹ́ńsùlù sí òsì kó fà á. Ọwọ́ náà kọ̀. Ó jókòó sórí itan ọmọ náà bí ọmọ tí wọ́n bá wí níwájú àlejò. Ògúnwálé ní ó dáa, ó kó gbogbo èrò jáde kúrò ní pálọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ilà kan wà lórí ìwé, ó tọ́ bí okùn tí bíríkìlà ta láti kọ́ ilé.

"Ó parí," ni Ògúnwálé wí.

"Kò parí o, sà," ni Sùlè dáhùn. "Àfi ká bẹ Dókítà Làmídì kó dijú rìn nínú gbọ̀ngàn."

Wọ́n gbà á níyànjú, wọ́n bá a ṣeré, Ògúnwálé tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ọpọlọ ti ń darí iṣan. Títíloyè ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń mi orí. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Kì í ṣe pé mo kọ̀, sà. Ìyá Àgbà ló ní kó má jáde níwájú àgbà. Ó ti gbọ́ ti Ìyá Àgbà ju tèmi lọ. Ẹni tó dè é náà ni kó tú u."

Ògúnwálé fẹ́ fèsì. Comfort fojú sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó mọ̀ pé ohun tí àgbà fi ẹnu so, a kì í fi ọ̀bẹ já a. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí Ìdí-Ahùn nípasẹ̀ dẹ́rẹ́bà kan tó máa ń kó àpọ̀n ọbẹ̀ láti Ìfọ́n wá sí ọjà Santana ní Ìbìní: kí ó sọ fún Ìyá Àgbà pé Títíloyè ń fẹ́ wọn, pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá Àgbà tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé lọ́jọ́ ọjà. Títíloyè ti ń dúró dè é ní Santana, láàárín àwọn obìnrin tó ń tú ẹrù àpọ̀n sílẹ̀. Arúgbó náà bọ́ sílẹ̀ láti iwájú lọ́ọ̀rì, kò dáhùn ìkíni, ó gbá ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì mú, ó ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni, òun sì ti sunkún láti Ìfọ́n dé Oluku lẹ́nu bodè Ìbìní, kí ló dé tí gbogbo ìka pé síbẹ̀? Nígbà tí Títíloyè ní kò sí ohun tó ṣe ọwọ́, pé àlàyé wà níwájú, Ìyá Àgbà nu ojú rẹ̀, ó yí padà sí ẹrù rẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó pé kì í kánjú. Kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ta àpọ̀n òun. Ó sì tà á tán, ó bá àwọn oníbàárà Bìní ná ọjà gidi, kí wọ́n tó gba Ugbor lọ.

Ògúnwálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Comfort kúnlẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, Yétúndé, kúnlẹ̀ pẹ̀lú, ó ní, "Mama, welcome o. How road?" Yorùbá yé ọmọ náà dáadáa, Pídíìn ni ẹnu rẹ̀ ń mú jáde. Ìyá Àgbà wo ẹnu rẹ̀ títí.

"Èyí ńkọ́," ló bi Comfort, "ta ló de ahọ́n tirẹ̀?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Yétúndé pàápàá, àti Sùlè tó ti wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Wọ́n fún un ní omi, wọ́n fún un ní oúnjẹ, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ títí ó fi fọwọ́ tán. Nígbà náà ni Comfort rọra gbé e kalẹ̀: ìdánwò tó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ilà tó ń gbọ̀n, dòdò tó dọ́gba, àti ibi tí wọ́n máa gbé Títíloyè lọ bí kò bá yege. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Títíloyè jókòó nílẹ̀, ó ń wo àwọn ẹsẹ̀ tábìlì. Bí Ìyá Àgbà bá sọ pé rárá, kò sí ẹnì kan nínú ilé yìí tí yóò fa ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, Títíloyè fúnra rẹ̀ kò sì ní lè kọjá ọ̀rọ̀ arúgbó náà.

Ìyá Àgbà kò sọ pé rárá, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá, kí ọmọ náà fi ọ̀tún yà á kí òun rí. Títíloyè yà á. Arúgbó náà gbé ìwé náà sókè, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Adìyẹ wo ló tẹ èyí?"

Ó ní kó fi òsì yà á. Ọwọ́ kò dìde. Títíloyè wò ó lórí itan rẹ̀ bí ẹni ń wo ewúrẹ́ alágídí, omi sì fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. Ọsàn wà nínú àwo lórí tábìlì, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú ọsàn kan sí ọ̀tún, ó mú ọ̀bẹ sí òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Èèpo ọsàn náà ń yí bọ̀ sílẹ̀, kò já, ó ń gùn sí i, títí ó fi kálẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àti kékeré Títíloyè ni ó ti ń jókòó ti obìnrin yìí, kò tíì rí ọwọ́ òsì rẹ̀ kó mú ọ̀bẹ rí.

"Ìyá Àgbà. Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà. Ta lo rò pé o fi jọ?"

Ó wá ròyìn bí ó ti ṣe rí. Ìyàwó tuntun ni òun, òun kò mọ̀ ju kí òun ṣe dáadáa lọ, òun fi òsì bu ọbẹ̀ fún ìyá ọkọ òun. Obìnrin náà kò bínú síta. Ó kàn gbé abọ́ ọbẹ̀ náà lọ fún ajá níwájú gbogbo àwọn ìyàwó ilé.

"Ajá náà lá a mọ́ féfé," ni Ìyá Àgbà wí. "Kò béèrè ọwọ́ tí mo fi bù ú. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti de tèmi. Nígbà tí mo rí i lára rẹ, mo ní ohun tí ojú mi rí, ojú ọmọ mi ò ní rí i. Nítorí ilé ọkọ ni mo ṣe dè é, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé o máa gbé e dé Ugbowo."

Ó mú pẹ́ńsùlù nílẹ̀, ó yí i wò.

"Pẹ́ńsùlù yìí, ṣé ó ní ìyá?"

"Kò ní, mà."

"Dókítà tó ń kọ́ yín, ṣé òun ló máa fẹ́ ọ?"

Omi tí Sùlè ń mu gba imú rẹ̀ jáde. Títíloyè ní rárá o, Dókítà ti níyàwó, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́.

"Ta ni mo wá ń dè é dè?"

Ó tú gèlè rẹ̀, ó fa etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ya, kò wo ti pé aṣọ tó dára ni. Ó de aṣọ náà mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì Títíloyè, dídè tí kò le, ó sì tẹ orí ba bí ìgbà àtijọ́. "Ìwọ ọwọ́ yìí, èmi ni mo ní kí o jókòó. Èmi náà ni mo ní kí o dìde. Iṣẹ́ ni kí o jáde sí o. Má bá mi kí àgbà, má bá mi gba oúnjẹ. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́." Ó fi ọwọ́ òsì tirẹ̀ tú u. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí Ògúnwálé, ó ní ìjọba kó gbogbo mọ́tò láti òsì lọ sí ọ̀tún, ayé kò parẹ́. Òun kó ọwọ́ kan ṣoṣo láti ọ̀tún lọ sí òsì, ta ló máa wá mú òun?

Ọwọ́ náà kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìjàpá tó ń yọ orí. Ó mú pẹ́ńsùlù. Níwájú ẹnjiníà, níwájú obìnrin báńkì, níwájú Ìyá Àgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọsàn rẹ̀, ó fa ilà kan láti etí ìwé dé etí ìwé. Ògúnwálé kàn fi ìka tẹ̀lé ilà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kí ó fa òmíràn.

Gbogbo ọjọ́ tó kù ló fi ń fà á. Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú àjákù gèlè náà nínú àpò, ó gbé tí-súkúẹ̀ há apá ọ̀tún pátákó, ó bẹ̀rẹ̀. Irin tí wọ́n ní kí wọ́n yà le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti dé ìdajì kí ó tó gbọ́ bàtà Dókítà Làmídì láàárín tábìlì. Ọwọ́ náà fẹ́ sá wọ abẹ́ tábìlì. Títíloyè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó bá a sọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ní kó jáde sí, iṣẹ́ sì rèé. Bàtà náà dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró.

Ó dúró pẹ́. Títíloyè mọ̀ pé ó ń wo rúlà tó kọjú síbi tí kò yẹ. Ọmọ Yorùbá ni Dókítà, wọ́n ti kọ́ òun náà nílé. Títíloyè kò gbójú sókè. Ó fa ilà tó kàn, ó tọ́. Ó fa èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n pàdé níbi tó yẹ kí wọ́n ti pàdé.

Fèrèsé gbọ̀ngàn náà wà lápá òsì, bó ṣe dára fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Dókítà Làmídì tẹ̀ síwájú, ó di tábìlì náà mú ní orí kan, ó sì fúnra rẹ̀ fà á yí títí fèrèsé fi bọ́ sí apá ọ̀tún ọmọ náà.

"Òjìji ọwọ́ rẹ ń bo ilà rẹ mọ́lẹ̀," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí àkókò pé, Títíloyè gbé ìwé náà lọ bá a níwájú. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọ̀tún nà án sí i. Dókítà gbà á, kò tíì jẹ́ kó dìde.

"Ọwọ́ wo lo fi yà á?"

"Òsì ni, sà."

"Èwo lo fi fún mi yìí?"

"Ọ̀tún ni, sà."

Dókítà wo ìwé náà, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún gbé e súnmọ́. Ẹ̀rín kékeré kan yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Dìde, Èṣùbíyì. Ibà ti fi irin yìí sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Títíloyè ṣe di ọmọ kíláàsì kejì, tó di ọmọ kíláàsì kẹta, tó parí. Láti ọdún náà, bí ọmọ tuntun láti abà bá wọ pálọ̀ Ugbor ní Sátidé, kí Ògúnwálé tó tẹ́ ìwé ìròyìn, á kọ́kọ́ ju ọsàn kan sí i láti wo ọwọ́ tó fi máa hán an. Ó rí òmíràn bẹ́ẹ̀, àní ju ẹyọ kan lọ. Igi máńgòrò yẹn, bóyá ó ṣì wà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé e fi kọ́ ilé.

Nígbà ìsinmi gígùn ọdún àkọ́kọ́ náà, Títíloyè gbé pátákó lọ sí Ìdí-Ahùn. Ó jókòó sábẹ́ igi, níwájú gbogbo àgbà abà tó wá wòran, ó fi òsì ya ilé bàbá rẹ̀: ilẹ̀kùn, fèrèsé, yàrá Ìyá Àgbà, àtíbàbà ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, ọ̀nà tó jáde sí títì. Ó fi ọ̀tún gbé e fún Ìyá Àgbà. Arúgbó náà ní kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri, òun ló sì ń fi han gbogbo àlejò tó bá yà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbin pé wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, á ní kí onítọ̀hún súnmọ́ ògiri kó wò ó dáadáa.

"Fi ojú tẹ̀lé ọ̀nà yìí," á wí fún un, "kí o wá sọ fún mi bóyá o ṣìnà."